Iná Pupa Inú Siẹ́nà Màámi

Mọ́ńdè, 18 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ọkọ̀ ti bàjẹ́. Jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n yéé sọ ọ́ sínú ara mi. Siẹ́nà Màámi ti bàjẹ́, ẹ́ńjìnì ẹ̀ ti nọ́ọ̀kì, àwọn ọmọ Akóbọ̀ tó ń fi gbé lọ síléèwé sì máa wọlé ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó ń bọ̀.

Láàárọ̀ Sátidé la gbé e lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Ṣàkírù, nínú ọgbà àwọn mẹ́káníìkì tó wà lẹ́yìn Bódìjà. Sáfíìsì lásán ni o. Kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, kí wọ́n fẹ́ fílítà, ó tán. Àmọ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn. Gbogbo wọn ti wọ aṣọ tó mọ́, wọ́n ń sáré kí àlejò tó dé. Ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀ wa ń fi ọwọ́ kan di nọ́ọ̀tù, ó ń fi ọwọ́ kejì jẹ mọ́ínmọ́ín. Mo fojú mi rí i. Mo tún rẹ́rìn-ín. Kí ni mo ń rín, Nàbílà?

Láti ibẹ̀, a forí lé Mọníyà, torí Bọ̀ọ̀dá Sùrájù, àbúrò Màámi, ń sọ ọmọ lórúkọ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Òjóò ni iwájú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kọ̀-kọ̀-kọ̀, bí ẹni ń fi òòlù kan ìkòkò irin. Ó mì, ó kú. A sọ̀kalẹ̀. Ọ́ìlì ti ń kán tẹ̀lé wa bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó ń dán lórí títì. Nọ́ọ̀tù tó yẹ kó dí ihò ọ́ìlì nísàlẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Ihò gbayawu.

Bọ̀ọ̀dá Sùrájù náà, mẹ́káníìkì ni, ilé ẹ̀ ò sì jìnnà síbẹ̀. A pè é, ó ní kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ wá. Màámi ní rárá o, ẹni tó ṣe é ni ká gbé e padà fún, kí Ọ̀gá Ṣàkírù má baà rò pé a já òun kulẹ̀. Àsàlátù kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Bí wọ́n ṣe wọ́ ọ padà sí Bódìjà nìyẹn. Kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gíríbì, Ọ̀gá Ṣàkírù ti tú ẹ́ńjìnì sílẹ̀ yányán.

Yúnífọ́ọ̀mù mi wà níkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Màámi ti ṣèlérí: táàmù yìí, òun máa gba Àǹtí Ẹnìtàn kó máa bá òun di àwọn ọmọ mú nínú ọkọ̀, kí èmi padà sí SS2. Látọdún tó kọjá ni mo ti ń di bẹ́líìtì mọ́ ọmọ ọlọ́mọ nídìí, tí mò ń nu imú wọn, tí àwọn tá a jọ wà ní SS1 sì ń kọjá lára ọkọ̀ wa pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Tí ọkọ̀ yìí ò bá dìde, èmi náà ò dìde nìyẹn.

Àlàrùba, 20 Ọ́gọ́ọ̀sì

A lọ bá Ọ̀gá Ṣàkírù. Ó ní kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì fún Màámi, ó ra omi tútù fún wa. Mo ti rò pé ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ ni.

Ó ní, "Ìyá Nàbílà, nọ́ọ̀tù yẹn le. Òkúta ló gbá a lójú títì."

Màámi ní, "Òkúta wo, Ọ̀gá? Ọ̀nà ọlọ́dà la gbà."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi ti òkúta sílẹ̀. Iná ńkọ́? Tí ọ́ìlì bá ti ń lọ, iná pupa kékeré kan máa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó rí bíi kẹ́tùlù tó ń kán omi. Ó tàn, ẹ ò dúró. Ohun tó pa ẹ́ńjìnì nìyẹn."

"Iná kankan ò tàn."

"Ó gbọ́dọ̀ tàn!"

"Mo ní kò tàn, Ṣàkírù."

Ó pè é ní Ṣàkírù ṣákálá, níṣojú àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀. Ọ̀gá wá yíjú sí mi.

"Ìwọ tó o jókòó níwájú ńkọ́? O rí i àbí o ò rí i?"

"N ò rí nǹkan kan, sà."

"Báwo lo ṣe máa rí i? Fóònù lò ń tẹ̀."

"Fóònù mi ò ní dátà, sà."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá sọ ràágì lù ú.

Bá a ṣe ń padà, a ò wọ kẹ̀kẹ́. Màámi ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ rìn. Láti Bódìjà dé Agbowó, níbi tá à ń gbé, iwájú ló ń lọ, èmi ń sáré tẹ̀ lé e.

Àlàmísì, 21 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo kórìíra gbogbo èèyàn. Kò sí iná. Gààrí nìkan la jẹ.

Sátidé, 23 Ọ́gọ́ọ̀sì

Bọ̀ọ̀dá Sùrájù wá láti Mọníyà. Wọ́n mú ẹran súnà dání fún wa, wọ́n sì mú ìròyìn wá. Wọ́n ní Siẹ́nà kan wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn, tírélà ló fọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, ẹni tó ni ín sì ta gbogbo ẹ̀ fáwọn bíi pàǹtí. Ẹ́ńjìnì ẹ̀ ò ní nǹkan kan tó ń ṣe é.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má da ara yín láàmú. Tiyín ni. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Ọjọ́ méjì péré, mo ti gbé e wọlé."

Mo fò dìde, mo ń pariwo. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da ọbẹ̀ nù. Bọ̀ọ̀dá ní kí n jókòó.

"Àmọ́ mi ò lè fọwọ́ kàn án o. Ọwọ́ Ṣàkírù ṣì wà nínú ẹ̀."

"Ọwọ́ báwo?"

"Òun ló tú u. Tí mẹ́káníìkì kan bá ti tú ọkọ̀, ẹlòmíì ò gbọdọ̀ débẹ̀ àfi tó bá yọ sípánà ẹ̀ níbẹ̀ lójú ẹgbẹ́ mẹ́káníìkì, tó sì fẹnu ẹ̀ sọ pé òun ti yọwọ́. Bí mo bá ṣe é láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á kó irinṣẹ́ mi lọ. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án fún yín ní gbogbo Ìbàdàn yìí, láti Mọníyà títí dé Challenge."

"Ṣebí gbólóhùn kan náà ni! Kó sọ ọ́ nígbà yẹn!"

Bọ̀ọ̀dá wò mí bí ẹni ń wo ọmọ ọwọ́. "Ó ń du alága ẹgbẹ́, Nàbílà. Ìbò wọn ò jìnnà mọ́. Tó bá lọ yọwọ́ lórí sáfíìsì, àwọn tí wọ́n jọ ń du ipò á ní ẹ wò ó, ẹni tí ò lè di nọ́ọ̀tù fẹ́ di alága."

Màámi kàn ń já ẹran sínú àwo. Ó ní, "Tí a bá ti wọ́ ọkọ̀ yẹn wá sọ́dọ̀ ẹ lọ́jọ́ náà ńkọ́?"

Bọ̀ọ̀dá nawọ́ mú omi. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ?

Mọ́ńdè, 25 Ọ́gọ́ọ̀sì

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù. Mo rántí pé wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Mo ká rọ́bà tí a ń tẹ́ sábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì, mo sáré jáde láìwọ bàtà tó dáa.

Nígbà tí mo débẹ̀, omi ti ń dúró nínú ihò ẹ́ńjìnì. Omi pẹ̀lú ọ́ìlì, ó ní àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè. Mo fi híjáàbù mi fà á gbẹ, mo fi rọ́bà bò ó, mo fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ jókòó lábẹ́ páànù, wọ́n ń wò mí.

"Ìyàwó Siẹ́nà ti dé o!"

"Ẹ jẹ́ kó bá ọkọ ẹ̀ bora, òtútù ń mú un!"

Mo ní, "Ìyàwó yín láá máa bá yín wọ́ ọkọ̀ kiri."

Wọ́n pariwo yéè. Ó dùn mọ́ mi díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí sípánà Ọ̀gá Ṣàkírù tí wọ́n fi há àárín ẹ́ńjìnì níbẹ̀, ó ti ń dípàtà. Irin kékeré báyìí. Mo nawọ́ sí i. Gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ páànù dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo fa ọwọ́ mi padà.

Àlàmísì, 28 Ọ́gọ́ọ̀sì

Àlàmísì ni wọ́n máa ń ṣèpàdé ẹgbẹ́. Màámi wọ aṣọ tó fi ń lọ Àsàlátù. Alága tó wà níbẹ̀ báyìí ni Bàbá Ikúbọlájẹ́, wọ́n ti dàgbà, àwọn ló ń gbé e sílẹ̀. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu Màámi, wọ́n gbọ́ ti Ọ̀gá Ṣàkírù. Wọ́n wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ìyá Nàbílà, ohun tá a fi máa parí ẹ̀ ò le. Ẹ kàn sọ pé iná tàn, ẹ ò tètè rí i. Èèṣì ni, a ò ní dá yín lẹ́bi. Ṣàkírù á yọ sípánà ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àbúrò yín á wá gbé ọkọ̀ lọ."

Mo tẹ Màámi ní ìgbọ̀nwọ́. Ẹ sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́.

Màámi dìde. Ó ní, "Bàbá, ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń gbé. Tí mo bá fẹnu ara mi sọ pé iná pupa tàn níwájú mi, mo wá ń wa ọkọ̀ lọ, ta ló máa gbé ọmọ ẹ̀ lé mi lọ́wọ́ ní Akóbọ̀? Mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, iná kankan ò tàn."

Ọ̀gá Ṣàkírù ní, "A jẹ́ pé èmi ni mò ń parọ́."

"Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

Ariwo sọ. Wọ́n tú ìpàdé ká láì parí ẹ̀. Màámi jàre, mo mọ̀. Inú sì ń bí mi sí i. Mo ń bínú sí ìyá mi torí kò parọ́. Irú ọmọ wo ni mí?

Sọ́ńdè, 31 Ọ́gọ́ọ̀sì

Màámi lọ Àsàlátù. Ó ní Ọ̀gá Ṣàkírù wà lápá ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin, pé ààfáà ṣe wàásù lórí àforíjì, gbogbo àwọn tó mọ̀ nípa ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọrùn, wọ́n ń wo òun, wọ́n ń wo Ọ̀gá, wọ́n ń wo òun. Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá, kò sì jáde mọ́.

Bàbá mi pè láti Ṣakí. Ó ní òun ń gbàdúrà fún wa. Ó ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó ẹ̀ ń pariwo lẹ́yìn, ìpè já.

Àtàláátà, 2 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo ṣe wèrè lónìí. Mo lọ wọ inú Siẹ́nà, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra mi látinú, mo jókòó síbi tí Màámi máa ń jókòó sí. Mo ní n ò ní jáde àfi tí Ọ̀gá Ṣàkírù bá yọwọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ gbá gíláàsì, wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó sú wọn. Oòrùn mú. Inú ọkọ̀ ń gbóná bíi ààrò. Mo ń wo ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, gbogbo ẹ̀ dúdú.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá fúnra ẹ̀ wá. Ó gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì fara ti ilẹ̀kùn. Kò pariwo.

"Nàbílà. Ṣé o mọ̀ pé èmi ni mo kọ́ ìyá ẹ ní ọkọ̀? Ó máa ń pa iná ọkọ̀ ní gbogbo oríta. Ní Ríìǹgì Róòdù, ó fi ọkọ̀ mi gbá ọlọ́sàn."

Mo yí gíláàsì sílẹ̀ díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ yọwọ́."

"Ṣé o rò pé inú mi dùn kó wà níbí? Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i." Ó wo ẹ̀yìn. Ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. "Fírídọ̀ọ̀mù yẹn ló kó bá wa."

Mo gbọ́ ọ. Ọlọ́run gbọ́ ọ.

"Ẹ sọ ọ́ nípàdé, sà!"

"Mi ò lè sọ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé ni mo ti wà nínú ọgbà yìí. Ipò yẹn ni ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí n dé kí n tó kú." Ó fi ọwọ́ nu eruku lára ilẹ̀kùn. "Bí ẹnì kan bá ṣáà lè sọ pé iná tàn. Ẹnì kan ṣáà ni."

Ó wò mí lójú, ó sì gbé ojú ẹ̀ kúrò kíá.

Mo jẹ ẹ̀wà náà. Ebi ló ń pa mí. Ó tún dùn, èyí ló bí mi nínú jù.

Jímọ̀, 5 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ọjọ́ ìbí Ànábì, gbogbo èèyàn wà nílé. Mọ́mì Jésùlọlá pè láti Akóbọ̀. Ilé wọn ni Màámi ti máa ń kọ́kọ́ gbé ọmọ, ibi tí wọ́n bá sì yí sí ni àwọn ìyá yòókù máa ń yí sí. Màámi fi fóònù sórí sípíkà torí etí ẹ̀ kan ń dùn ún.

"Mọ́mì Siẹ́nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Bọ̀ọ̀dá Simon tó ní bọ́ọ̀sì funfun ti ní àwọn ṣetán. A fẹ́ràn yín, àmọ́ ilé-ìwé ò ní dúró."

"Ẹ fún mi di Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Di Jímọ̀ o. Kì í ṣe pé mo le o, mà."

Mi ò tíì gbọ́ kí Màámi pe ẹni tó kéré sí i ní "mà" báyìí rí.

Nígbà tó parí, ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó mú yúnífọ́ọ̀mù mi kúrò níkọ́. Ó ká a, ó rọra fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, ó gbé e sí ìsàlẹ̀ àpótí, lábẹ́ gbogbo aṣọ.

Ó ní kí eruku má baà bò ó ni.

Sọ́ńdè, 7 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo lọ jókòó ti Mùtíátù, ọ̀rẹ́ mi, níbi tó ti ń ṣe fọ́tókọ́pì. Mo bi í pé, tí irọ́ bá máa yọ èèyàn nínú wàhálà, ṣé irọ́ náà ni.

Ó ní, "Béèrè lọ́wọ́ ààfáà. Fọ́tókọ́pì ni èmi ń ṣe."

"Mi ò ṣàwàdà."

"Ta ló máa dùn?"

"Èmi."

"Ìwọ nìkan?"

Mi ò mọ̀. Màámi ti búra. Tí mo bá sọ pé iná tàn, ìbúra ẹ̀ ńkọ́? Àfi tó bá jẹ́ pé ó tàn, tí kò rí i. Àfi tó bá jẹ́ pé nǹkan kan ló dí i lójú. Ẹnì kan. Ẹni tó rí i, tí kò sọ.



Àlàmísì, 11 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo ti ṣe é.

Màámi ò fẹ́ lọ ìpàdé náà mọ́, èmi ni mo fà á lọ. Bàbá Ikúbọlájẹ́ ní ṣé ọ̀rọ̀ ti yí padà. Màámi ní kò yí padà, òun kàn wá bẹ wọ́n ni. Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Ìyá mi, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó ti ń wá nǹkan dì mú kó lè kúnlẹ̀ láàárín ọ́ìlì.

Mo kúnlẹ̀ ṣáájú ẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo jẹ̀bi. Iná tàn. Mo rí i. Mo na fóònù mi síwájú Màámi, mò ń ya fídíò ọ̀nà, ọwọ́ mi ló dí wọn lójú. Mo rí iná pupa, mo rò pé kò ní nǹkan kan ṣe. Mi ò sọ fún wọn."

Bàbá ní, "Láti ibo?"

"Láti Agbowó, sà."

"Fídíò náà ńkọ́?"

"Mo ti pa á rẹ́. Ẹ̀rù bà mí."

Ẹnì kan ní, "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí! Fóònù á pa wọ́n!" Gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pa pọ̀, inú wọn dùn, ẹrù ti kúrò lórí wọn. Mi ò wo Màámi. Ọ̀gá Ṣàkírù ni mò ń wò. Ẹsẹ̀ mi ni òun ń wò. Òun náà mọ̀. Ó dìde, ó rìn lọ síbi Siẹ́nà, ẹgbẹ́ tẹ̀ lé e, ó nawọ́ sínú ẹ́ńjìnì, ó yọ sípánà náà, ó gbé e sókè.

"Mo ti yọwọ́."

Ohùn ẹ̀ ò jáde dáadáa, Bàbá ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Nígbà yẹn ni mo wá wo ẹ̀yìn. Mo ti rò pé Màámi máa gbá mi létí. Kò gbá mi. Ó ń wò mí bí ẹni tó wọ ilé tí kì í ṣe tiẹ̀.

Jímọ̀, 12 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ní kùtùkùtù, Bọ̀ọ̀dá Sùrájù ti wọ́ ọkọ̀ lọ sí Mọníyà. Mọ́mì Jésùlọlá gbà láti dúró. Ó ti gbọ́ ìtàn náà, mi ò mọ ẹni tó sọ fún un. Ó ní inú òun dùn pé kì í ṣe ẹ̀bi Mọ́mì Siẹ́nà, àmọ́ kí ọmọbìnrin yẹn má sún mọ́ ọmọ òun mọ́ o, nítorí Ọlọ́run.

Màámi ò bá mi sọ̀rọ̀ láti àná. Bó ṣe ń ro àmàlà ló tó sọ̀rọ̀, kò sì kọjú sí mi.

"Mo fi Ọlọ́run búra lójú gbogbo wọn. Ìwọ jókòó tì mí, ò ń wò mí, o mọ̀ pé ó tàn."

Ó wà lẹ́nu mi. Ó wà lẹ́nu mi gan-an. Àmọ́ tí mo bá sọ fún un, ó máa padà lọ sínú ọgbà yẹn lọ́la. Mo mọ ìyá mi. Ó máa lọ bá wọn pé irọ́ ni ọmọ òun pa, kí Ṣàkírù fi sípánà ẹ̀ padà.

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà."

Ó bu àmàlà tiẹ̀. Ó fi tèmi sílẹ̀ nínú ìkòkò.

Sátidé, 13 Sẹ̀tẹ́ńbà

Wọ́n ti lẹ àwòrán Ọ̀gá Ṣàkírù mọ́ ògiri ní Bódìjà. Ó wọ agbádá, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní Ayafídíò. Mo sunkún ní balùwẹ̀ kí omi lè bo ariwo ẹ̀.

Sọ́ńdè, 14 Sẹ̀tẹ́ńbà

A gbọ́ fèrè ọkọ̀ níta lẹ́yìn ìrun Àsárì. Bọ̀ọ̀dá Sùrájù ló gbé Siẹ́nà dé, ó ń rọra ró, kò sí kọ̀-kọ̀-kọ̀ kankan. Màámi ká etí aṣọ ẹ̀ sókè, ó yí ọkọ̀ po, ó ń fọwọ́ pa á lára bíi màlúù. Ó wọlé, ó jókòó síbi ìwakọ̀. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Bọ̀ọ̀dá nawọ́ gba ojú fèrèsé. "Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má tíì sítáàtì ẹ̀. Ẹ rí gbogbo iná yẹn bó ṣe tàn? Ẹ rí eléyìí tó pọ́n, tó dà bíi kẹ́tùlù? Ti ọ́ìlì nìyẹn. Gílóòbù ẹ̀ ti jó tipẹ́tipẹ́, ó ti dúdú kirikiri, aláǹtakùn ti kọ́lé síbẹ̀. Ó lè tó ọdún méjì tó ti kú. Mo ti pààrọ̀ ẹ̀ fún yín."

Màámi tẹ orí síwájú, ó ń wò ó.

"Kò lè tàn lọ́jọ́ yẹn rárá," Bọ̀ọ̀dá ń bá tiẹ̀ lọ, ó ń nu ọwọ́ ẹ̀. "Kódà kí ẹ da gbogbo ọ́ìlì ayé nù. Mi ò mọ ohun tí Nàbílà ní òun rí..."

Ó wò mí. Ó wo Màámi.

Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ kọjá, ó kí wa, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Màámi di sítíárì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń wo iná pupa kékeré yẹn. Mo rò pé ó máa sọ̀kalẹ̀ kó forí lé Bódìjà.

Báàgì ẹ̀ wà lórí àga iwájú, níbi tí mo máa ń jókòó sí. Ó gbé e, ó jù ú sẹ́yìn.

Ó ní, "Bọ́ síwájú."

A ò lọ ibì kankan. A kàn jókòó síbẹ̀.

Mọ́ńdè, 15 Sẹ̀tẹ́ńbà

Yúnífọ́ọ̀mù mi wà lórí àga nígbà tí mo jí, Màámi ti lọ̀ ọ́. Àǹtí Ẹnìtàn ti dé, ó wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń to àwọn ìjókòó àwọn ọmọ. Mọ́mì Jésùlọlá pè pé ṣé ọmọbìnrin yẹn ò sí nínú ọkọ̀ o.

Màámi ní, "Ó wà níwájú níbí. Mo ń gbé e lọ síléèwé rẹ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ pe Simon."

Ó pa fóònù. Ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Àwa méjèèjì ń wò ó.

Iná pupa tàn. Màámi sítáàtì ọkọ̀. Iná náà kú, ọkọ̀ ń ró.

Màámi ní, "Bísímílà."